Ojú Tí A Fi Ń Wo Ọ̀sà ní Ìgbògbò

Bí èèyàn bá kúrò láàárín ìlú Ìgbògbò tó kọjú sí gúúsù, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òórùn ẹja yíyan á sì ti dé imú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí omi. Baiyeku nìyẹn. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti parí tí ọ̀sà Èkó bẹ̀rẹ̀. Lódìkejì ni Làńgbàsà àti Bàdòrè wà, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó èrò láti etí kan dé èkejì. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á rí ọkọ̀ apẹja tí wọ́n fà gúnlẹ̀, àwọ̀n tí wọ́n sá sóòrùn, ààrò ẹja tí èéfín ń rú lára rẹ̀, òkìtì yanrìn, àti típà tó tò tẹ̀lé ara wọn tó ń dúró de ẹrù. Apẹja, ìyá ẹlẹ́ja, ọlọ́kọ̀, oníyanrìn: omi kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ lára rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti sọ púpọ̀ fún wa nípa omi yìí. Wọ́n sọ pé ọ̀sà Èkó lé díẹ̀ ní 200 kìlómítà níbùú lóròó, pé kò jìn, pé níbi púpọ̀ kò ju mítà kan ààbọ̀ sí mítà mẹ́ta lọ. Wọ́n sọ pé omi iyọ̀ máa ń ti òkun wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò Ògùn, odò Májídùn àti àwọn omi tó ń ti apá Ẹ̀pẹ́ wá sì máa ń tì í padà nígbà òjò. Ìmọ̀ yìí ṣe kókó, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ìbéèrè kan wà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń díwọ̀n iyọ̀ kò lè dáhùn. Ta ló ń jẹ èrè omi náà? Ta ni ìyà rẹ̀ ń jẹ? Ta ló ń pàṣẹ lórí rẹ̀, kí ló sì dé tí àwọn kan fi ń gbọ́ tí àwọn mìíràn kò gbọ́? Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti béèrè irú nǹkan wọ̀nyí ni à ń pè ní onímọ̀ nípa àwùjọ: onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, onímọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, onímọ̀ nípa àṣà, onímọ̀ nípa ìṣèjọba, àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó ń wo bí èèyàn ṣe ń lo ilẹ̀. Ìyìn wọn ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé lójú tèmi, àyíká wa kò lè rí ìtọ́jú tó máa pẹ́ láìsí wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi koríko tó máa ń bo ojú ọ̀sà nígbà òjò bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń yọ òdòdó àlùkò. Kì í ṣe ojúoró, kì í ṣe òṣíbàtà. Àjèjì ni, ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ọdún 1984 sì ni wọ́n ṣàkíyèsí rẹ̀ lórí omi Àgbádárìgì, lẹ́yìn tó gba ọ̀dọ̀ Bẹ̀nẹ̀ wọlé. Omi iyọ̀ kì í bá a lára mu, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dín kù tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú. Ẹ̀gbin tó ń ṣàn láti ìlú wá sínú omi ló sì ń fún un lóúnjẹ. Sáyẹ́ǹsì ti ṣe tirẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí koríko náà bá dí ojú omi pa, ẹni tó lówó á fẹsẹ̀ rìn lọ sí títì, á wọ mọ́tò. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré kò ní ibì kan tó máa gbà lọ sí ibi tí àwọ̀n rẹ̀ wà. Koríko kan náà ni, ìyà rẹ̀ kò pín dọ́gba, ẹni tí ìyà náà sì pọ̀ jù lọ lọ́rùn rẹ̀ ni ohùn rẹ̀ kéré jù nígbà tí wọ́n bá ń pín owó tí wọ́n á fi kó koríko.

Ọ̀rọ̀ yanrìn ló jinlẹ̀ jù. Lórí ọ̀sà Èkó, àwọn ọkùnrin kan wà tó ń fi ara wọn wa yanrìn. Wọ́n á gúnlẹ̀ sójú ibi tí wọ́n mọ̀, wọ́n á di òpó mú wọ ìsàlẹ̀ omi pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, wọ́n á bu yanrìn, wọ́n á gòkè, wọ́n á dà á sínú ọkọ̀, wọ́n á tún padà. Títí ọkọ̀ á fi kún débi pé etí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Bí wọ́n bá ń bọ̀ wálé, aṣọ tí wọ́n rán láti ara àpò ni wọ́n máa ń ta fún afẹ́fẹ́. Mi ò mọ iṣẹ́ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára àti ìmọ̀ omi tó wà nínú rẹ̀ sì yẹ fún ìgbóríyìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ẹ̀rọ ńlá wà, tó ń fi páìpù fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Ohun tí ẹ̀rọ kan ń fà lójúmọ́ kan, ogún ọkùnrin kò lè bù ú láàárín ọjọ́ púpọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ kò ṣòro láti yé. Ihò á wà níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tẹ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ á rú, omi á dúdú, ibi tí ẹja ń yé sí á bà jẹ́, etí omi á sì máa ya lulẹ̀. Apẹja tó mọ ojú ibi tí ọ̀bọ̀kún máa ń wà láti ìgbà bàbá rẹ̀ á dé ibẹ̀, kò ní bá a níbẹ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, ó rọrùn láti sọ pé kí wọ́n fòfin de yanrìn wíwà, kó parí.

Onímọ̀ nípa àwùjọ kì í jẹ́ kó parí síbẹ̀. Á tẹ̀ lé típà lọ. Á rí i pé yanrìn ọ̀sà ni wọ́n fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù ilé tuntun ní Ìgbògbò, ní Ìkòròdú, ní Lẹ́kí àti káàkiri Èkó. Á rí i pé ẹni tó ń sá fún owó ilé tó ga ní àárín Èkó ló ń ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú, àti pé ọmọ apẹja gan-an tó ń kọ́lé, yanrìn kan náà ló ń rà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká sọ ní ọdún 2022 pé nǹkan bí 50 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni ayé ń lò lọ́dọọdún. Ti aṣálẹ̀ kò dára fún kọnkéré, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti yí i débi tí kò fi lè di ara rẹ̀ mú. Ti odò, ti ọ̀sà àti ti etí òkun ni kọnkéré ń fẹ́. Nítorí náà, ihò tó wà nísàlẹ̀ omi ní Ìgbògbò so mọ́ owó ilé ní Yábàá, ó so mọ́ àìríṣẹ́ṣe ọ̀dọ́, ó sì so mọ́ ẹni tó ní àṣẹ láti fún oníyanrìn ní ìwé. Òfin tó bá dojú kọ garawa ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tó sì fi ohun tó ń rọ ọ́ lọ sínú omi sílẹ̀, kò tíì fọwọ́ kan ìṣòro náà.

Èrò àwọn ọ̀mọ̀wé kò ṣọ̀kan nípa ohun ìní àjùmọ̀ní bí ọ̀sà yìí. Ní ọdún 1968, Garrett Hardin, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Ó ní ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé, gbogbo ayé ló máa bà á jẹ́: olúkúlùkù darandaran á máa fi màlúù kún màlúù lórí pápá àjùmọ̀ní títí koríko á fi tán. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni pé kí ìjọba gbà á, tàbí kí wọ́n pín in fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣòfin, ìjọba púpọ̀ ní Áfíríkà sì fi ṣe àwáwí láti gba omi àti igbó lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀.

Elinor Ostrom ni mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Onímọ̀ nípa ìṣèjọba ni, ará Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1965 dá lórí omi abẹ́ ilẹ̀ ní Los Angeles, níbi tí omi iyọ̀ òkun ti ń wọ inú kànga nítorí pé gbogbo èèyàn ń fa omi láìdúró. Ó rí i pé àwọn tó ń fa omi náà jókòó papọ̀, wọ́n gbé ẹjọ́ àti àdéhùn kalẹ̀, wọ́n sì ṣe òfin fún ara wọn. Lẹ́yìn náà, ó kiri, tòun ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, láti wá ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣàkóso ohun àjùmọ̀ní fúnra wọn. Nínú ìwé rẹ̀ Governing the Commons tó jáde ní ọdún 1990, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn apẹja ní Alanya, ní Tọ́kì, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn. Lóṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdọọdún, wọ́n á kọ orúkọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sílẹ̀, wọ́n á dárúkọ gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti ń pẹja, wọ́n á sì ṣẹ́ gègé. Ibi tó bá já mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ ló máa ti bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni á máa sún sí ojú ibi tó kàn lápá ìlà-oòrùn títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà á yíjú padà sí ìwọ̀-oòrùn títí di oṣù Èbìbí. Báyìí ni ibi tó dára ṣe ń kan gbogbo wọn. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ wọn. Ẹni tí ó kàn lónìí ló ń ṣọ́ ibi tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 2009, Ostrom gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ìrẹ̀lẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Kò dé ìlú kan kó sọ fún wọn pé báyìí ni kí ẹ ṣe. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe, ó fi wéra pẹ̀lú ti ibòmíràn, ó sì wo ohun tó jọra láàárín àwọn tó pẹ́: ààlà tó dájú, òfin tí àwọn tó ń lò ó lọ́wọ́ sí ṣíṣe rẹ̀, ìtanràn tó bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré kó tó le, àti ìjọba tó gbà pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣètò ara wọn. Àwọn ará tiwa náà wà lójú ọ̀nà yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dele Olowu, tó ti jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, bá James Wunsch ṣe ìwé kan ní ọdún 1990 kan náà tó fi hàn bí ìjọba tó kó gbogbo àṣẹ sójú kan ṣe kùnà ní Áfíríkà.

Tí a bá wá gbé ojú yẹn padà sórí ọ̀sà, a ó rí nǹkan tí a ti ń kọjá lára rẹ̀ láìkíyè sí i. Ní àwọn ibi tí omi kò ti jìn, ẹ ó rí ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tó yọ orí sókè. Acadja ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, níbi tó ti gbajúmọ̀ lórí adágún Nokoué. Ẹ̀pìyà àti ọ̀bọ̀kún á wá sá sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á jẹ ewédò tó hù lára igi, wọ́n á sì dàgbà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, oní-nǹkan á fi àwọ̀n yí i ká, á yọ igi kúrò, á kó ẹja. Solarin àti Udolisa ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ lọ́sà Èkó, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1993. Onímọ̀ ẹja á wo iye tó ń mú jáde. Onímọ̀ nípa àwùjọ á tún béèrè pé: báwo ni èèyàn ṣe ń di ẹni tó ni ibì kan lórí omi tí kò ní ọgbà? Kí ló dé tí aládùúgbò kì í fi àwọ̀n kó ẹja rẹ̀ lóru? Níbo ni ẹni tí kò lówó igi máa ti pẹja, bí gbogbo ibi tó tẹ́jú bá ti ní ẹni tó ni ín? Igi wo sì ni wọ́n ń gé? Nígbà púpọ̀, igi etí omi ni, irú ẹ̀gbà tí gbòǹgbò rẹ̀ ta sókè bí ẹsẹ̀ akàn, ààrin gbòǹgbò yìí gan-an sì ni ọmọ ẹja ti ń dàgbà. Ohun kan náà ń tọ́ ẹja, ó sì ń pa ibi tí ẹja ń tọ́ ọmọ sí. Ìdájọ́ rẹ̀ kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọ̀pọ̀ ìlú etí omi nílẹ̀ Yorùbá ló ní ọjọ́ tí wọn kì í wọ omi nítorí òrìṣà, wọ́n sì ní igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé. Àwọn onímọ̀ nípa àṣà ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó kù láti má fi èyí ṣẹlẹ́yà. Ẹja ń sinmi lọ́jọ́ náà, igbó sì ń dúró. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní ọdún 2005, wà títí dòní nítorí pé àwọn èèyàn kan ń bọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ta ló wá ní ọ̀sà Ìgbògbò? Èyí ni ìbéèrè tó ń mú orí gbóná. Ìdílé àti baálẹ̀ etí omi á sọ pé àwọn ni. Ìgbògbò-Baiyeku ní ìjọba agbègbè ìdàgbàsókè tirẹ̀, ọ̀kan lára àwọn 37 tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2003. Ìpínlẹ̀ náà ní LASWA, àjọ tó ń rí sí ọ̀nà ojú omi Èkó, láti ọdún 2008. Ìjọba àpapọ̀ ní NIWA, àjọ tó ń rí sí ọ̀nà ojú omi inú ilẹ̀, tí òfin ọdún 1997 gbé kalẹ̀. Ìpínlẹ̀ àti àpapọ̀ fa ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tó sì dá ẹjọ́ ní ọjọ́ 5 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024 pé ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ lórí ọkọ̀ àti ọ̀nà ojú omi inú ilẹ̀. Ẹjọ́ ti parí lábẹ́ òfin. Àmọ́ ọ́fíìsì tó jìnnà sí Baiyeku kò lè mọ ẹni tó fa yanrìn lóru àná, apẹja tó sùn sétí omi ló mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí ọ̀nà tí ohun tí apẹja mọ̀ máa gbà dé ọwọ́ ẹni tó ní àṣẹ, ìdájọ́ yẹn kò ní dá ẹja kan sí. Ó yẹ kí àṣẹ wà ní ìpele ìpele, kí ìpele kékeré lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbi tó ti mọ̀ ọ́n jù. Ìmọ̀ràn Ostrom nìyẹn, mo sì gbà á tọkàntọkàn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọn obìnrin. Nígbà tí ìjọba bá ń pe àwọn apẹja sí ìpàdé, ọkùnrin ló máa ń kún ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ obìnrin ló ń yan ẹja, obìnrin ló ń gbé e lọ sọ́jà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, òun náà ló sì máa ń yá apẹja lówó epo àti àwọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà, kó lè rí ẹja gbà bó bá dé. Igi ìdáná ni ààrò rẹ̀ ń jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo igi etí omi tí kò bá ìyá ẹlẹ́ja sọ̀rọ̀ nípa ààrò tí kò ní jẹ igi púpọ̀, iṣẹ́ asán ló ń ṣe. Ẹni tó sì bá fẹ́ kí àwọ̀n olójú kékeré dín kù, kó bi ìyá náà léèrè bóyá ó lè má gba ọmọ ẹja lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Àṣẹ tó wà lọ́wọ́ obìnrin yìí pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba lọ.

Ọ̀ràn ike àti nylon náà jọ ọ́. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de àwo fóòmù tí wọ́n ń fi di oúnjẹ. Mo fara mọ́ òfin náà, nítorí pé inú gọ́tà ló ń parí sí, gọ́tà sì ń ṣàn wọ ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ìyá olóúnjẹ tó ń ta ìrẹsì létí títì ń ṣírò owó àwo sínú èrè rẹ̀. Kí òfin tó lè dúró, ohun tí yóò máa lò dípò gbọ́dọ̀ wà lọ́jà, ní owó tó lè san.

Àpẹẹrẹ tó mú inú mi dùn jù lọ kò jìnnà sí wa. Akin Mabogunje, onímọ̀ ilẹ̀ tó ṣaláìsí ní ọdún 2022 lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé. Ó lè jókòó sídìí ìwé. Dípò bẹ́ẹ̀, ní òpin ọ̀rúndún tó kọjá, ó darí ìwádìí àti ìpàdé ní Ìjẹ̀bú-Òde lórí ohun tó ń fa òṣì nílùú náà. Wọ́n bi ará ìlú léèrè kí wọ́n tó gbé ohunkóhun kalẹ̀. Ọgbà ẹja Eriwe ti ibẹ̀ jáde, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ń sin ẹja àrọ̀ lórí ilẹ̀ kan náà, tí wọ́n jọ ń lo ọ̀nà àti omi. Ẹja tí wọ́n sin níbẹ̀ jẹ́ ẹja tí wọn kò kó nínú ọ̀sà. Ìmọ̀ àwùjọ ló ṣe ìyẹn, ó sì di oúnjẹ lórí tábìlì.

Ní Ìkòròdú fúnra rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí gbogbo wa mọ̀ sí Laspotech ti di yunifásítì láti ọdún 2022. Ọ̀sà kò jìnnà sí i. Ì bá dára kí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa gba Ìgbògbò wá sí Baiyeku láti gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn Ìlàjẹ, Ègùn àti ọmọ onílẹ̀ tó ń gbé létí omi, kí wọ́n ya àwòrán ojú ibi tí wọ́n ń pẹja pẹ̀lú orúkọ tí àwọn apẹja ń pè é, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí yanrìn tó gbé e lọ.

Àkókò kò sì pọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ti là sórí ìwé fún Afárá Kẹrin láti Lẹ́kí gba Làńgbàsà, ó sọdá ọ̀sà sí Baiyeku, ó gba Ìgbògbò kọjá lọ sí ọ̀nà Itóìkín àti Ìṣàwọ̀. Afárá náà lè ṣe ìlú láǹfààní púpọ̀. Ó tún lè gbé owó ilẹ̀ ga ju agbára àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ, kó sì mú yanrìn púpọ̀ sí i jáde lábẹ́ omi. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1992 lórí àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká sọ pé ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó gba àṣẹ. Ẹ̀yin ará Ìgbògbò, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò náà, ẹ kà á, ẹ lọ síbi ìpàdé rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é láìsí apẹja, ìyá ẹlẹ́ja àti oníyanrìn níbẹ̀.